Àmì Pupa Nídìí Ọta

Gbádébọ̀ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Àbúrò ìyá mi ni, àbíkẹ́yìn Bàbá Àgbà. Ọdún mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n Uncle Gbádé ni mò ń pè é láti kékeré, mo sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Inú bárékè ọlọ́pàá n'Íbàdàn là ń gbé, níbi tí Bàbá Àgbà ti jẹ́ olùtọ́jú yàrá ìbọn. Bàbá ní òṣùwọ̀n idẹ kékeré kan tó fi ń wọn ẹ̀tù ìbọn. Gbádé gbé e ṣeré, ó fi wọn òkúta, apá rẹ̀ kan ṣẹ́. Nígbà tí Bàbá dé tó bèèrè pé ta ni, Gbádé ò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

"Àdùkẹ́ ni."

Bàbá nà mí ní ẹgba mẹ́ta. Mo ń ké pé èmi kọ́, èmi kọ́. Ó dá ọwọ́ dúró, ó wò mí, ó ní: "Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí lo wá ń sunkún fún?"

Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin báyìí. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún tó lé lọ́gbọ̀n, mo ti sin ọkọ, mo ti san ilé tán. Ẹgba mẹ́ta yẹn ṣì ń ta mí.

Ó pé ọdún méjìlá tí Bàbá Àgbà ti lọ. Inú ilé mi níhìn-ín, ní Lithonia lẹ́bàá Atlanta l'Amẹ́ríkà, ló kú sí, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọmọ àti ọmọ-ọmọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ìrántí wọn. Àwọn tí kò fi omi gbígbóná kan ara rẹ̀ rí ń ka ìwé ojú ewé mẹ́ta. Gbádé ló sọ̀rọ̀ pẹ́ jù. Wọn ò pe èmi. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, mo ká ìwé tèmi sọ́wọ́ títí tó fi rọ̀ bí aṣọ.

Ìdí tí wọn ò fi pè mí ò ṣòro láti sọ. Gbogbo ẹbí ló gbà pé èmi ni mo fọ́ ojú Bàbá. Wọ́n ní ọta ìbọn tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ló bú mọ́ ọn lójú. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń bi ara mi pé ṣé èmi ni àbí èmi kọ́. Mo bi ara mi nínú ọkọ̀, mo bi ara mi lẹ́nu iṣẹ́, mo bi ara mi nígbà tí mo ń gba ara Olúwa lọ́wọ́ pásítọ̀. Oṣù tó kọjá ni mo rí ìdáhùn. Láti ìgbà náà, àga ò gbà mí. Mo kọ ìlà mẹ́rin, mo dìde. Mo lọ sí gáréèjì, mo padà. Mo fọ ife tí kò dọ̀tí. Ẹ fara dà á fún mi bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún. Ìrántí tí wọn ò jẹ́ kí n kà nìyí, mo kàn tún un kọ ni.

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ mọ̀ nípa Bàbá Àgbà ni pé kò gba ohunkóhun gbọ́ títí tó fi máa wọ̀n ọ́n. Nígbà tó dé Atlanta, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, báàgì kan ló gbé wá, òṣùwọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ó máa ń wọn lẹ́tà kó tó fi ránṣẹ́. Ó máa ń wọn oògùn tí dókítà bá kọ fún un, kó lè mọ̀ bóyá gbogbo hóró rẹ̀ dọ́gba. Lọ́jọ́ kan mo ra adìyẹ, ìwọ̀n rẹ̀ wà lára ọ̀rá. Bàbá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó wò ó, ó tún un gbé.

"Àdùkẹ́, wọ́n fi omi kún adìyẹ yìí."

"Bàbá, omi díẹ̀ kì í ṣe nǹkan."

"Ta ló sọ fún ẹ? Gbé bàtà rẹ wọ̀."

A padà sí ilé ìtajà náà. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ń wo bàbá àgbàlagbà tó gbé adìyẹ tútù mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ẹ̀rín ń pa á. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún wa. Nínú ọkọ̀, mo ní ṣé ó yẹ kó dójú ti ara rẹ̀ tó báyẹn. Ó ń wo ọ̀nà, ó dáhùn pé: "Ojú ń tan ni jẹ, ọwọ́ ń tan ni jẹ. Òṣùwọ̀n nìkan ni kò ní ẹbí."

Mo fẹ́ kí ẹ rántí gbólóhùn yẹn. Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Ìbọn ló kàn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará ìlú yìí kan wà ní ilé tó kángun sí tiwa, Otis lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe sójà rí, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Òun àti Bàbá wọnú ara wọn bíi gààrí àti omi. Gẹ̀ẹ́sì bárékè ni Bàbá ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì Georgia ni Otis ń sọ, wọn ò sì ṣi ara wọn gbọ́ rí. Ọdún kejì tí Bàbá dé ni Otis gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ìbọn àtijọ́. Ọ̀sán ni mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá àwọn méjèèjì nínú gáréèjì mi, wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura mi tó dára jù sórí tábìlì, ìbọn gígùn kan sùn lé e.

Ìbọn ológun ni. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí a ó fà wálẹ̀ kí ibi tí a ń ki ọta sí tó ṣí. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ bèèrè ẹni tó ní kí wọ́n gbé ìbọn wọlé mi. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Bàbá. Irú ìbọn yìí wà ní yàrá tó ń tọ́jú n'Íbàdàn, wọ́n tò wọ́n sí igun ògiri. Àwọn òyìnbó ti fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò sì fún irú Bàbá láṣẹ pé kó yìn wọ́n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa nù wọ́n.

"Ogún ọdún ni mo fi fi epo pa wọ́n, Àdùkẹ́," ni ó wí. "Mi ò gbọ́ ohùn wọn rí."

Mo lọ mú aṣọ ìnura míì.

Kò rọrùn láti gbọ́ ohùn ìbọn náà. Ọta òde òní ti le jù fún un, yóò fà á ya. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọta, kó sì ṣe é ní rírọ̀. Otis mọ̀ ọ́n díẹ̀, Bàbá sì yára kọ́ ọ. Wọ́n yọ́ òjé, wọ́n dà á sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n fi ìda oyin àti ọ̀rá pa á. Wọ́n to ìkarahun idẹ, ìyẹn kòròfo ọta, sórí pákó tí a lu ihò sí. Ẹ̀tù díẹ̀ nínú ìkarahun kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà òjé lórí rẹ̀, ó tán. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ìwọ̀n ẹ̀tù náà. Otis á ní kí Bàbá fi díẹ̀ sí i, kí ìbọn lè dún bí ìbọn ọkùnrin. Bàbá, tí kò ní ju eyín mẹ́rin lọ, tó ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ àti lálẹ́, á gbé ife ẹ̀kọ rẹ̀ sókè.

"Otis, ìwọ ní eyín. Èmi àti ìbọn yìí ò ní. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń fún arúgbó, wọn kì í fún un ní eegun."

Nítorí náà, ẹ̀kọ la máa ń pe ọta náà nínú ilé wa. "Àdùkẹ́, a fẹ́ lọ po ẹ̀kọ." Ìkòkò ọbẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ fi yọ́ òjé. Ìkòkò tí mo fi ń se ẹ̀fọ́! Mo bá a lórí iná, nǹkan dúdú ń yọ́ nínú rẹ̀ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ mọ ohun tí òjé ń ṣe fún ọpọlọ ènìyàn?" Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì. Mo ní, ìkòkò mi ńkọ́? Ó wò mí, ó wo ìkòkò, ó ní: "Má bínú. Ìkòkò tó bá ti bá ogun lọ kì í padà sí ìdáná." Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó mọ bí a ti ń mú mi rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ṣẹ̀ mí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pe Bàbá ní agbéraga, òfin kan tó gbé kalẹ̀ nínú gáréèjì ló fà á. Ẹni tó bá ń ki ọta, a kì í kí i. Òun náà kì í kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ Yorùbá tó rí àgbà tí kò dìde, a mọ ohun tí wọn óò sọ nípa ìyá rẹ̀. Pásítọ̀ wa wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé kan, ó gba gáréèjì wọlé. "Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o!" Bàbá ò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ ò gbọ́ mi ni?" Bàbá ń wo ìkarahun. Pásítọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀, inú ń bí i. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí Bàbá tó parí èyí tó wà lórí pákó, tó tan tọ́ọ̀ṣì wo inú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó nu ọwọ́, tó sì dìde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Pásítọ̀ mi, ẹ káàbọ̀! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Pásítọ̀ ò dáhùn dáadáa. Lọ́jọ́ Sunday kejì, ó wàásù lórí ìgbéraga, gbogbo ojú sì wà lára wa.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìdí. Ìwọ̀n ẹ̀tù òde òní tí ìbọn àtijọ́ ń gbà kò tó ìlàjì ìkarahun. Àyè tó ṣófo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá da ẹ̀tù sí i, tó gbójú kúrò, tó padà tó tún da òmíràn lé e, kò ní kún, kò ní dà sílẹ̀, ojú lásán ò ní fura. Òjé á jókòó lé e lórí wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọta rírọ̀ á wá di ikú. Ìdí nìyẹn tó fi ní ká tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ìkarahun, ká sì wọn ọta kọ̀ọ̀kan tó bá parí. Bí wọ́n bá ní kó dẹ òfin náà, ohun kan náà ni Bàbá máa ń wí: "Ìkíni lè dúró. Ẹ̀tù ò lè dúró."

Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wakọ̀ lọ dé ọ̀nà Grayson, mi ò ra nǹkan kan, mo padà. Bí mo ti dé ibi tó kàn yìí ni ẹsẹ̀ mi ń yún mi.

Nígbà tí Bàbá pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Kò lè da ẹ̀tù mọ́. Gbádé ló kọ́kọ́ pè kó wá kọ́ ọ, kì í ṣe èmi tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà. Gbádé ń gbé ní Douglasville, ní òdìkejì ìlú, Sátidé nìkan ló ń rí àyè wá, nígbà míì kò tiẹ̀ ní wá. Ìgbà tí ó já Bàbá kulẹ̀ ní Sátidé mẹ́ta léraléra ni Bàbá tó yíjú sí mi. "Àdùkẹ́, ọwọ́ rẹ balẹ̀, àbí?" Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí, mo ti gún abẹ́rẹ́ fún àìmọye ọmọ ọwọ́, bàbá mi àgbà ń bi mí bóyá ọwọ́ mi balẹ̀. Ọwọ́ mi balẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà ju Gbádé lọ láàárín oṣù méjì, Otis sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa.

Kí ọta àwa méjèèjì má baà dàpọ̀, Bàbá ní kí oníkálùkù ní àmì. Mo mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná, mo ń fi kan ìdí ọta tèmi, tóntó kan péré. Gbádé mú bírò dúdú tí ẹnu rẹ̀ nípọn. Bàbá fọwọ́ sí i. "Iṣẹ́ tí kò ní àmì ọwọ́ ẹni tó ṣe é," ni ó wí, "ìyá iṣẹ́ náà ni wọn óò bú."

Ọjọ́ náà jẹ́ Sátidé. Ogún ọta ni mo ti ṣe ní àárọ̀ Friday lẹ́yìn tí mo dé láti ibi iṣẹ́ òru. Ó rẹ̀ mí, mi ò ní purọ́. Gbádé dé ní àárọ̀ Sátidé, ó ṣe mẹ́wàá. Wọ́n da gbogbo wọn pọ̀ sínú àpótí kan, a mú wọn lọ sí pápá ìyìnbọn, àwa mẹ́rin: Bàbá, Otis, Gbádé, èmi. Bàbá wọ fìlà tuntun. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń dún bí ìgbà tí a pa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn kọ̀ọ̀kan, Bàbá á rẹ́rìn-ín. Ní ìkeje, kò dún bí ilẹ̀kùn.

Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni mo rí Bàbá, tó dìde dúró, ọwọ́ kan lójú ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Otis ti ń sáré bọ̀. Mo ń ké pé kí Bàbá jókòó, kó jọ̀ọ́ jókòó. Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó ń fi ọwọ́ òsì wá nǹkan nínú koríko. Ó rí i. Ó mú ìkarahun tó bú náà, ó fi sí àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ìgbà náà ló tó jẹ́ kí n di òun mú.

Bí wọ́n bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo júwe Bàbá Àgbà, ìyẹn ni màá mú. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún tí ojú rẹ̀ kan ti lọ, tó ń wá idẹ nínú koríko.

Ní ọ́síbítù, kí wọ́n tó gbé e wọlé tán, Gbádé ti ń tẹ fóònù. Mo gbọ́ ohun tó ń sọ fún ìyá mi n'Íbàdàn. "Ti Àdùkẹ́ ni, Sister mi. Ó dé láti ibi iṣẹ́, oorun wà lójú rẹ̀, ó lọ ń ki ọta." Mo dúró níwájú rẹ̀.

"Uncle, ta ló sọ fún yín pé tèmi ni?"

"Ogún ni tìrẹ, mẹ́wàá ni tèmi. Ṣírò rẹ̀."

"Mo wọn gbogbo ogún."

"Ó dá ẹ lójú?"

Ó dá mi lójú. Mo rántí pé mo wọ̀n wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ti àárọ̀ Friday yẹn ni mò ń rántí, tàbí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀? Àárọ̀ gbogbo ti jọra. Ibẹ̀ ni iyèméjì ti wọlé sí mi lára, kò sì jáde. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rí Bàbá, tí báńdéèjì bo ìlàjì orí rẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo ìkarahun yẹn."

Ó yí ojú sí ògiri.

"Ó ti sọnù, Àdùkẹ́."

Otis ti rí i tó fi sí àpò. Èmi náà rí i. Gbogbo ẹbí gbọ́ pé a rí i. Bàbá kì í purọ́, gbogbo ayé mọ̀. Ó wá purọ́ níṣojú mi, kí ni wọ́n máa rò? Wọ́n ní ó ń bo àṣírí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n yìn ín fún un. Pásítọ̀ tó ti pè é ní agbéraga fi í ṣe àpẹẹrẹ ìfẹ́ nínú ìwàásù. Ìyá mi pè mí lórí fóònù, kò kí mi, ó ní: "Àdùkẹ́, o fẹ́ pa bàbá mi." Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá mi kú. A ò sọ̀rọ̀ dénú láàárín ọdún mẹ́ta yẹn.

Bàbá ò yin ìbọn mọ́. Ojú kejì náà ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àsìkò mi tó pé, kí n lè dúró tì í. Ọdún márùn-ún ni mo fi wẹ̀ ẹ́, tí mo fi po ẹ̀kọ fún un, ẹ̀kọ gidi, tí mo fi ka Bíbélì àti ìwé ìròyìn sí i létí. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo dẹ́kun bíbèèrè. Gbádé ń wá lóṣooṣù, ó ń mú ọsàn wá, ó ń jókòó wákàtí kan. Bàbá á tún ara ṣe nígbà tó bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ rẹ̀. Mo rí i. Bí Gbádé bá lọ tán, Bàbá á na ọwọ́ wá mi, á di ọrùn ọwọ́ mi mú, á ní: "Ìwọ ni ojú mi."

Mo rò pé ìdáríjì ni. Ẹ ò lè mọ bí mo ti ń fi gbólóhùn yẹn sùn, bí mo ti ń fi jí. Mo rò pé ó ń sọ fún mi pé, Àdùkẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ ni, mo sì ti dárí jì ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́!

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin Gbádé pè mí. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, Daddy ń bèèrè yín. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí nursing home, kidney wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́." Mo ní mo gbọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yí ilé po kí n tó mú kọ́kọ́rọ́. Mo gba ọ̀nà márosẹ̀ I-20, mo la Atlanta kọjá láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, mi ò tan rédíò.

Ó ti rù. Ó jọ Bàbá débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àdùkẹ́. O ṣì ń wakọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?"

"Ẹ kú ara líle, Uncle."

"Ara wo ló le? Jókòó."

"Mo fẹ́ dúró."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fọwọ́ sí dúróà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ṣí i. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so lẹ́nu. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó tú u. Idẹ náà ti dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wọ dígí mi, mo yí ìdí rẹ̀ sí fèrèsé. Mo wá pupa. Mo fi èékánná ha á, mo wá pupa títí. Bírò dúdú ni, ó ti ṣá, ṣùgbọ́n dúdú ni.

Mi ò lè sọ fún yín ohun tí mo ṣe. Mo rò pé mo rìn dé ilẹ̀kùn, mo padà, mo tún rìn dé ibẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́," mo ní. "Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó sọ ọ́. Àárọ̀ Sátidé yẹn, ó ti da ẹ̀tù sí ìkarahun kẹfà. Bàbá wọlé pẹ̀lú fìlà tuntun. Gbádé gbàgbé òfin, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ó yẹ kí Bàbá bá a wí. Pásítọ̀ gan-an kò rí irú ojú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n inú Bàbá dùn. Ó dúró lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì rẹ̀, ó ki oríkì náà dé ìdí ìdílé, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Gbádé dìde, orí rẹ̀ ti wú, kò mọ ibi tó dé mọ́. Ó tún da ẹ̀tù sí ẹ̀kẹfà. Kò tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ó wọn ọta mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá, ó ní ìyókù á dọ́gba.

Èmi, ẹni tó bá Bàbá gbé fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mi ò rántí ọjọ́ kan tó ki oríkì mi ju "Àdùkẹ́" lọ.

Àwọn ẹbí yóò ka èyí, wọn yóò sì bèèrè bóyá mo ti dárí ji òkú. Mo ti kó òṣùwọ̀n Bàbá kúrò lórí pẹpẹ gáréèjì, mo tún gbé e padà, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Ìdáhùn mi nìyẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìbéèrè kan tí mo bi Gbádé nígbà tí mo ti mú báàgì mi lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé, pé bí Bàbá bá fẹ́ bo ọmọ rẹ̀, kò ha lè sọ pé ìbọn ló gbó? Kí ló dé tó fi jẹ́ kí wọ́n fi èmi sí i? Ó pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ló dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ sì mọ́ ketekete:

"Mo bi Bàbá náà bẹ́ẹ̀, Àdùkẹ́, ní ọ́síbítù, nígbà tó fún mi ní ìkarahun yẹn pé kí n lọ jù ú nù. Ó ní bí òun bá gbé e lé èmi lórí, màá sá. Ṣùgbọ́n bí òun bá gbé e lé ìwọ lórí, wàá dúró ti òun."